Irú méjì ni kòkòrò tí ń jẹ ewéko orí ọ̀sà

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Nínú ìròyìn tí ẹ gbé jáde lórí ewéko olódòdó elésè-àlùkò (water hyacinth) tí ó ń dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ àwọn apẹja lórí ọ̀sà, ẹ kọ ọ́ pé kòkòrò kan láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ń bá a jà. Irú méjì ni wọ́n: Neochetina bruchi, tí ó gba orúkọ ní ọdún 1926, àti Neochetina eichhorniae, tí Rose Ella Warner, onímọ̀ nípa kòkòrò, ṣàpèjúwe ní ọdún 1970.

Wọn kì í sábà gùn ju mìlímítà 5 lọ, ẹnu wọn sì nà síwájú bíi ti kòkòrò inú àgbàdo tí wọ́n jọ jẹ́ ẹbí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn wọ̀nyí kì í fẹnu kan ọkà. Bí a bá fi awò tí ń mú nǹkan tóbi wo ẹ̀yìn wọn, a ó rí ilà dúdú méjì tí ó yọ sókè, ọ̀kan lórí ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ti eichhorniae gùn, ó sì sún síwájú. Ti bruchi kúrú, àárín ẹ̀yìn ni ó wà. Bruchi ni ó sì máa ń ṣe dáadáa jù níbi tí omi bá ti kún fún ìdọ̀tí àti ajílẹ̀ tí òjò gbá wọlé, nítorí náà ẹni tí kò bá mọ èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè tú u sí ibi tí kò yẹ.

Irú àṣìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Wọ́n kó kòkòrò kan tí ń jẹ́ Cyrtobagous singularis láti Trinidad lọ sí Botswana kí ó lè jẹ ewéko orí omi mìíràn, Salvinia molesta, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ rí i ṣe. Àwọn onímọ̀ Ọsirélíà wá rí òmíràn ní Brazil, wọ́n rò pé ọ̀kan náà ni, wọ́n sì tú u sínú adágún Moondarra ní Ọsirélíà ní ọdún 1980. Láàárín ọdún kan ó lé díẹ̀, nǹkan bí 18,000 tọ́ọ̀nù ewéko ti pòórá. Ọdún 1985 ni àwọn onímọ̀ kòkòrò méjì, Calder àti Sands, tó fi hàn pé irú ọ̀tọ̀ gbáà ni, wọ́n sì pè é ní Cyrtobagous salviniae.

Ní gúúsù Benin, nítòsí wa níbí, ọdún 1991 ni IITA, àjọ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó wà ní Ìbàdàn, bẹ̀rẹ̀ sí tú àwọn Neochetina sínú omi, ìwádìí sì fi hàn lẹ́yìn náà pé owó tí ń wọlé fún àwọn ará etí omi pọ̀ sí i. Ó dùn mí, nígbà náà, pé àwọn àpótí tí a ń kó àpẹẹrẹ kòkòrò sí kì í sábà rí owó ìtọ́jú, nígbà tí ó jẹ́ pé inú wọn ni a ti lè yẹ irú àwọn nǹkan báyìí wò. Bí àyè bá wà nínú ìwé ìròyìn yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ àwòrán ẹ̀yìn àwọn méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ó tóbi tó kí apẹja lè rí àwọn ilà dúdú náà.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín, Àgbádárìgì