Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ wọ ọkọ̀ Amistad

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ìgbòkun Amistad tí wọ́n kàn ní Mystic Seaport, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọkọ̀ ojú omi l'Amẹ́ríkà, tí wọ́n gbé sómi lọ́dún 2000 ni mo bá wá, wọ́n kàn án kó lè jọ èyí tí Sengbe Pieh, ará Sierra Leone tí wọ́n kó lẹ́rú, àtàwọn èèyàn ẹ̀ gbà mọ́ àwọn tó kó wọn lẹ́rú lọ́wọ́ nítòsí Cuba ní 1839, kó tó di pé kóòtù tó ga jù l'Amẹ́ríkà dá wọn sílẹ̀ ní 1841. Ọmọ tó bá fọwọ́ ara ẹ̀ fa okùn ìgbòkun, tó rí bí inú ọkọ̀ ṣe rí, á yé e bí èèyàn 53 ṣe há mọ́ra níbẹ̀. Ìwé nìkan ò lè ṣe é! Lóòótọ́ owó àtúnṣe pọ̀, pákó ò kì í pẹ́ jẹrà, àmọ́ kíjọba Amẹ́ríkà ṣáà dá sí i, kí ọkọ̀ náà má kàn dúró sí èbúté lásán.