Lẹ́tà sí Bùọ̀dá mi ní Ṣágámù, lórí mọ́tò tí mò ń gbé

Kent, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Bùọ̀dá mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìtọ́jú Màámi, ẹ kú bùkátà. Ìyàwó yín ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Gbogbo ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ sórí fóònù ni mo gbọ́, títí kan èyí tí ẹ ti ń pariwo. Mo kàn dákẹ́ ni. Mo kọ èyí sílẹ̀ nítorí pé bí mo bá pè yín, n kò ní í sọ̀rọ̀ dé ìdajì tí ẹ ó fi já a gbà mọ́ mi lẹ́nu.

Òótọ́ ni. Inú mọ́tò ni mò ń sùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó wá sọ fún yín ní Màkún kò sọ irú mọ́tò tó jẹ́, bóyá ó sì mọ̀ọ́mọ̀ fò ó ni. Kí ẹ má baà rò pé ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì ni mo ká ara jọ sí bí ọmọ asùnta, mo fi fọ́tò kan sínú àpòòwé yìí. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó máa ka lẹ́tà lọ. Ẹ fi han Màámi náà, kí ẹ sì bá wọn wá awò ojú wọn kí wọ́n tó wò ó.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti yà á, àwọ̀ rẹ̀ ti ń ṣí. Ìdílé òyìnbó kan ló dúró níwájú mọ́tò létí òkun. Bàbá wọ kóòtù, ó so táì mọ́rùn, létí òkun o! Ìyá wọ gáùn olódòdó, kétùlù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ mẹ́ta jókòó sẹ́nu ọ̀nà mọ́tò, bàtà èyí tó kéré jù ku ẹsẹ̀ kan. Wọ́n tẹ́ aṣọ sórí tábìlì kékeré kan, wọ́n to ife tíì lé e. Ẹ wá wo òrùlé náà: ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n ti ń gbé e sókè, kánfáàsì onílà-ilà ló sì yí i ká. Bí wọ́n bá ti gbé e báyìí, àgbàlagbà á nàró nínú rẹ̀ láìforí gbá nǹkan kan. Ṣé ojú àwọn tí kò rílé gbé lẹ rí nínú fọ́tò yẹn?

Mọ́tò yẹn gan-an ni mo rà. Bedford ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní CA, tí wọ́n ṣe ní Luton láti 1952 títí di 1969. Ilé iṣẹ́ Martin Walter ní Folkestone, ní Kent níbí, ló wá to ibùsùn, sítóòfù àti kọ́bọ́ọ̀dù sínú rẹ̀, tó fi di Dormobile. Lẹ́tà D ló gbẹ̀yìn nọ́ńbà rẹ̀, àmì pé 1966 ni wọ́n kọ́kọ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn, ọdún tí àwọn ṣọ́jà kọ́kọ́ gba ìjọba nílé. Ọmọ tí bàtà rẹ̀ sọnù nínú fọ́tò yẹn ló tà á fún mi. Ó ti di ìyá àgbà báyìí. Ó ní àwọn márààrún ni wọ́n jọ ń sùn níbẹ̀ bí wọ́n bá gba ọlidé: àwọn òbí nísàlẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì lórí kánfáàsì tí wọ́n ta sábẹ́ òrùlé, òun lórí ìjókòó iwájú. Wọ́n gbé e dé Scotland. Ìjọba wọn pàápàá, owó orí tí wọ́n máa ń gbà lórí mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ nígbà náà, wọn kì í gbà á lórí irú èyí, nítorí ibùsùn àti ibi ìdáná tó wà nínú rẹ̀. Ó di 1973 tí VAT dé kí ìyẹn tó dópin. Lónìí ńkọ́? Mọ́tò tó bá ti lé ní 40 ọdún kì í san owó ojú títì ní ilẹ̀ yìí. Mo ro ó dáadáa kí n tó náwó mi.

Yàrá tí mo wà tẹ́lẹ̀, £700 ni mò ń san lóṣù, èèyàn mẹ́fà ló sì jọ ń to sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ kan. Àgbẹ̀ tó fún mi láyè lórí ilẹ̀ rẹ̀ ń gba £45 lọ́sẹ̀, tiná tomi. Ọmọ Rẹ́mọ ni yín, n kò ní í ṣírò ìyẹn fún yín. Ẹni tó gbé ìròyìn mi kiri ńkọ́? Ẹ bi í léèrè iye àwọn tí wọ́n jọ há mọ́ yàrá kan ní Peckham. Mo mọ yàrá náà. Mo ti tẹ́ní síbẹ̀ rí.

Òtútù kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ẹ sọ fún Màámi pé aṣọ òtútù tí wọ́n ní kí n rà, mo ti rà á. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ibẹ̀ móoru, ibẹ̀ ni mo sì ti ń wẹ̀. Ọ̀sán ni mò ń sùn. Tí oṣù Kejì bá ti kọjá, kò sí òtútù kan tó le mọ́. Mo sì ń jẹun. Mo rí ewùrà rà, mo se ìkòkorẹ́ sínú mọ́tò náà, òórùn ẹja gbígbẹ kò sì kúrò lára kọ́tìnì fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Òtútù kò ṣe mí rárá.

Èyí tó dùn mí jù ni pé ẹ ní mo ń dójú ti orúkọ bàbá wa. Bàbá wa wo? Ṣé kì í ṣe Bedford náà ni wọ́n fi ń kó obì gbàǹja láti Sábó lọ sí Kano? Tí ilẹ̀ bá ṣú wọn ní Jẹ́bà, òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń wọ̀ ni? Orí apẹ̀rẹ̀ obì ni, àbí kí wọ́n tẹ́ní sábẹ́ lọ́rì. Ẹnu yín ni mo ti gbọ́ ọ, ẹ̀yin lẹ tẹ̀lé wọn lọ lọ́dún tí ẹ jáde ìwé mẹ́fà. Owó obì yẹn ló kọ́ ilé tí à ń bára wa fa ọ̀rọ̀ páànù rẹ̀ yìí. Fọ́tò wọn wà ní pálọ̀ títí dòní, wọ́n wọ agbádá, wọ́n fọwọ́ lé imú lọ́rì. Àlejò wo ló wo fọ́tò yẹn rí tó ní ẹni tí kò nílé nìyí? Kí ló wá dé tó jẹ́ tèmi ló di ìtìjú?

Ó ku owó páànù. Mo ṣèlérí rẹ̀ ṣáájú Iléyá, Iléyá sì ti kọjá, mo mọ̀. Mọ́tò ni mo kọ́kọ́ sanwó rẹ̀, kí owó ilé lè yé jẹ mí tán lóṣooṣù. Mo ti fi £500 sí àkáǹtì yín láàárọ̀ yìí. Ìyókù ń bọ̀ tí wọ́n bá sanwó oṣù tó ń bọ̀. Ọkàn yín kò gbọdọ̀ mì, ó ń bọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin náà ẹ dá mi lóhùn. Owó sìmẹ́ńtì tí mo fi ránṣẹ́ lọ́dún tó kọjá, kí ni wọ́n fi ṣe? Ṣágámù níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ńtì, ẹ wá ní kíkó ló gbé e wọ́n. Ògiri ẹ̀yìn ti dúró àbí kò tíì dúró? N kò fẹ̀sùn kàn yín o. Fọ́tò lẹ ní kí n fi ránṣẹ́, mo ti fi ránṣẹ́. Èmi náà ń retí tèmi: ẹ ya ilé náà lóde àti nínú, kí ẹ̀yin fúnra yín sì dúró níbẹ̀.

Ẹ má fún ará Màkún ní fọ́tò yìí mú lọ o. Ẹyọ kan ṣoṣo yìí ló wà, ẹni tó ta mọ́tò fún mi sì ní kí n gbé e kọ́ inú mọ́tò. Ẹ tọ́jú rẹ̀, kí ẹ fún ẹni tó bá ń bọ̀ níbí. Ẹ má sì jẹ́ kí káfíńtà àkọ́kọ́ yẹn tún fọwọ́ kan páànù náà. Mélòó ni wọ́n ń ta bọ́ńdù kan báyìí? Ẹ kọ iye gan-an sílẹ̀ fún mi, ẹ má sọ ọ́ lẹ́nu.

Àbúrò yín ni.