Ẹ má tìtorí ìṣúra òkèèrè ta owó góòlù yín lówó pọ́ọ́kú

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. A ka ìròyìn tí ẹ gbé jáde lórí àwọn owó góòlù àtijọ́ tí wọ́n ń hú jáde nílẹ̀ òkèèrè, èyí tí ẹ fi kádìí rẹ̀ pé kí ẹni tó bá ní irú rẹ̀ nílé tètè tà á kí ọjà tó kún. Ìmọ̀ràn yẹn ti ń ṣe àwọn kan lóore. Ní Sábó àti ní Ọjà Jagun ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, “ṣé ẹ ò gbọ́ pé góòlù ti pọ̀ nílùú òyìnbó ni?” ti di ohun tí àwọn tó ń rà á fi ń já owó mọ́ àwọn ìyá wa lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀.

Ohun méjì ló wà nínú iye tí wọ́n ń ta owó góòlù àtijọ́. Ọ̀kan ni góòlù inú rẹ̀ gan-an, tí ọjà àgbáyé ń dá iye lé lójoojúmọ́. Èkejì ni owó ọ̀wọ́n, ìyẹn èyí tí àwọn tó ń ṣa owó àtijọ́ jọ ń san lé e nítorí pé irú rẹ̀ ò wọ́pọ̀. Ìṣúra tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hú kì í mi ti àkọ́kọ́. Kí ni ẹgbẹ̀rún márùn-ún owó góòlù jámọ́ níbi tí wọ́n ti ń ta góòlù ní tọ́ọ̀nù? Owó ọ̀wọ́n ló ń bá jà, kò sì bá gbogbo rẹ̀ jà. Owó tó bá jẹ́ ti ọdún kan náà, tí wọ́n rọ níbì kan náà, tó sì mọ́ tó bẹ́ẹ̀, òun ló máa ń bà.

Ẹ wo ti ọkọ̀ SS Central America. Ìjì rì í nítòsí etíkun Carolina ní Amẹ́ríkà ní oṣù kẹsàn-án 1857, tòun ti góòlù California tó kó. Wọ́n rí i nísàlẹ̀ òkun ní 1988. Dọ́là 20 oníwúrà ọdún 1857 tó ní lẹ́tà S, èyí tí wọ́n rọ ní San Francisco, lé ní 5,000 nínú ohun tí wọ́n kó jáde, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń dán bí ẹni pé àná ni wọ́n rọ ọ́. Ṣáájú ìgbà yẹn, kì í rọrùn láti rí 1857-S tí ọwọ́ ò tíì fi pa. Lónìí, òun gan-an ni ẹni tó bá fẹ́ ẹyọ kan tó mọ́ láti ìgbà náà ń kọ́kọ́ rà. Ẹni tó ti san owó ńlá lórí ọ̀kan tó mọ́ kí wọ́n tó gbé ìṣúra yìí wọjà ló fara gbá a. Ẹni tó ní ti ọdún tí kò pọ̀ nínú ọkọ̀ náà ò pàdánù nǹkan kan. Kódà, àwọn tó ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa owó jọ wá ń wá àwọn ọdún yòókù kiri, èyí tí àwọn oníròyìn kì í sábà sọ.

Èyí tó bani lẹ́rù jù kì í ṣe góòlù rárá. Dọ́là fàdákà 1903 tí wọ́n rọ ní New Orleans wà ní nǹkan bí 1,500 dọ́là nínú ìwé iye owó, àfi ìgbà tí Ilé Ìṣúra ìjọba Amẹ́ríkà tú àpò owó náà sílẹ̀ ní 1962, tó já wá sí nǹkan bí 30. Owó ọ̀wọ́n ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo iye rẹ̀, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ọ̀nà kan tún wà tí ìṣúra ń gbà dun ẹni tó ń ṣa owó jọ. Ní 2013, tọkọtaya kan ní California rí agolo mẹ́jọ nínú ilẹ̀ wọn, owó góòlù tó lé ní 1,400 wà nínú rẹ̀, ti 1847 sí 1894. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò tán, àwọn kan di èyí tó dára jù lọ nínú irú wọn. Ẹni tó ti ń fọ́nnu pé tòun ló ṣáájú bá ara rẹ̀ ní ipò kejì láìjẹ́ pé owó rẹ̀ yí padà.

Nílùú wa ńkọ́? Ọ̀pọ̀ èyí tí à ń rí ni pọ́n-ùn góòlù Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní sovereign, àwọn kan wà nínú ẹrù àwọn tó padà láti Gánà lẹ́yìn àṣẹ 1969 tó lé àwọn àjèjì kúrò níbẹ̀. Owó ọ̀wọ́n orí rẹ̀ ò pọ̀, nítorí náà ìṣúra ò rí nǹkan kan bù nínú rẹ̀. Ní 2016 wọ́n rí owó góòlù 913, sovereign àti ààbọ̀ sovereign, nínú dùùrù kan ní Shropshire, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọjà ò mì.

Kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. Òṣùwọ̀n tó ń ka gíráàmù dé 0.01 ni kí ẹ lò. Sovereign tó pé jẹ́ 7.98, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 22. Èyí tó ti jẹ díẹ̀ lè já sí 7.94. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ife omi sórí òṣùwọ̀n náà, ẹ dá a padà sí òdo, kí ẹ fi òwú so owó náà rọ̀ sínú omi láìjẹ́ kó kan ìdí tàbí ẹ̀gbẹ́ ife. 0.45 tàbí 0.46 ló yẹ kó hàn. Bó bá wúwo dáadáa lórí òṣùwọ̀n àmọ́ tó fi nǹkan bí 0.76 hàn nínú omi, fàdákà tí wọ́n fi góòlù bò ni. Bó bá sún mọ́ 0.9, idẹ ni. Ẹ gbọn owó náà nínú omi kẹ́ ẹ tó ka òǹkà, torí bí afẹ́fẹ́ bá lẹ̀ mọ́ ọn lára, ojúlówó á dà bí ayédèrú.

Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n rọ lẹ́yìn 1887, ẹ wá wo ẹ̀yìn rẹ̀ tí wọ́n ya ẹni tó gun ẹṣin sí, níbi ilẹ̀ tí ẹṣin náà dúró lé, lókè ọdún tí wọ́n kọ sí i. Lẹ́tà tó wà níbẹ̀ ló ń sọ ibi tí wọ́n ti rọ ọ́. S jẹ́ Sydney, M jẹ́ Melbourne, P jẹ́ Perth, SA jẹ́ Pretoria, I jẹ́ Bombay, C jẹ́ Ottawa. Bí kò bá sí lẹ́tà níbẹ̀, London ni wọ́n ti sábà ń rọ ọ́. 1917 tí kò ní lẹ́tà ṣọ̀wọ́n gan-an, ayédèrú rẹ̀ sì pọ̀ lóde. Irú ìyẹn ni ìṣúra lè bà jẹ́ lóòótọ́ bí wọ́n bá hú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Káráàtì 22 ni góòlù yìí, ìyẹn pé ìdá 22 nínú 24 rẹ̀ ni góòlù gidi, gíráàmù 7.32 nínú ẹyọ kan. Àwọn alágbẹ̀dẹ kan á wọ̀n ọ́n tán, wọ́n á sì san owó káráàtì 18, ìyẹn bíi gíráàmù 5.98. Gíráàmù kan àti díẹ̀ ti lọ nìyẹn, ìṣúra òkèèrè kọ́ ló gbé e. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ha á mọ́ òkúta dúdú tí wọ́n fi ń dán góòlù wò tàbí kán ásíìdì sí i bó bá jẹ́ ọdún tó ṣọ̀wọ́n. Ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí iyanrìn fọ̀ ọ́. Èyí tí wọ́n ti jó òrùka mọ́ lórí láti fi ṣe ẹ̀gbà ọrùn, owó ọ̀wọ́n rẹ̀ ti lọ pátápátá. Ìwọ̀n góòlù rẹ̀ nìkan ló kù, òrùka náà sì lè má jẹ́ káráàtì 22.

Ibi tó yẹ kí ìwé ìròyìn yín ti kìlọ̀ fún wa ni ti ṣílè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Láti 1920 ni wọ́n ti fi idẹ rọ́pò fàdákà nínú rẹ̀. Wọ́n ń ta ìwọ̀nyí fún àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ bí ẹni pé ó ṣọ̀wọ́n. Kí wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé kan kí wọ́n bá ìkòkò rẹ̀ kan pàdé, ẹni tó ra tirẹ̀ lówó gọbọi á máa tà á bí idẹ.

Àwa tí à ń ra owó àtijọ́, tí à ń tà á,
Ògbómọ̀ṣọ́.