Múlíkà, ọ̀rọ̀ ọkàn Kúdí

Pòrógun,
Ìjẹ̀bú-Òde.

Múlíkà mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òtútù Kánádà o. Fọ́tò Ojúde Ọba tí mo ṣèlérí fún ọ kò sí. A ò tíì dé iwájú ààfin tí Kúdí fi jókòó sórí pèpéle onílé kan pẹ̀lú aṣọ ẹgbẹ́ lára, ó ní èémí òun kò délẹ̀ mọ́. Régbérégbé rẹ̀ ń kọjá lọ, ìlù ń dún, ó di àyà mú. Ọmọ ọdún 34, Múlíkà.

Láti ìgbà oyún Àlíà la ti ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni kò tó. Kò lè sùn láìfi ìrọ̀rí mẹ́ta gbé orí ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, a ní oyún náà ni. Àṣé ẹ̀jẹ̀ aboyún máa ń pọ̀ sí i, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdajì lé sí ti tẹ́lẹ̀. Ọkàn tí nǹkan ti ń ṣe lè má lè gbé e.

Ṣágámù la gbé e lọ. Dókítà fi rọ́bà gbọ́ àyà rẹ̀, ó gbọ́ ọ pẹ́, ó ní ariwo kan wà láàrin lílù ọkàn tí kò yẹ kó wà níbẹ̀. Wọ́n wá ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní echo: wọ́n fi nǹkan yọ̀rọ̀yọ̀rọ̀ pa á láyà, ìró ló ń ya àwòrán náà, kò dùn ún rárá. Mo fojú ara mi rí ọkàn àbúrò mi. Fáàfù mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, bí ilẹ̀kùn tó ń ṣí sọ́nà kan ṣoṣo. Èyí tó wà láàrin yàrá òkè àti yàrá ìsàlẹ̀ lápá òsì ti le, etí rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra. Ẹ̀jẹ̀ ń há sẹ́yìn rẹ̀ títí dé inú ẹ̀dọ̀fóró. Ìdí nìyẹn tí kò fi lè sùn gbalaja.

Dókítà wá bi mí bóyá ọ̀fun máa ń dùn ún ní kékeré. Ara mi bù máṣọ. Ṣé o rántí ìgbà tó wà ní pírámárì, tí ọ̀fun dùn ún, tí a ní kó fi omi iyọ̀ yọ ẹnu, tó sì lọ? Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni orúnkún rẹ̀ wú, tó kúrò níbẹ̀ bọ́ sí ọrùn ẹsẹ̀, tó tún dé ìgbọ̀nwọ́. A pè é ní làkúrègbé, à ń fi òrí pa á. Ìwọ lo ń pọ̀n ọ́n lọ síléèwé.

Kòkòrò inú ọ̀fun yẹn ló fà á, ibà làkúrègbé (rheumatic fever) ni wọ́n ń pè é. Ara ń bá a jà, ó ṣi ọkàn ara rẹ̀ mú fún ọ̀tá, ojú àpá náà sì ń le díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà náà wá. Pẹnisílììnì lásán, tó bá wọlé láàrin ọjọ́ 9 tí ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ì bá ti dá a dúró. Èyí ni kì í jẹ́ kí n sùn.

Oògùn tó ń mú un tọ̀ ti jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ fà. Abẹ́rẹ́ pẹnisílììnì ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, kí ibà náà má baà padà wá. Ohun tí wọ́n ń gbèrò ni láti ti okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba abẹ́nú itan dé ọkàn. Fèrè kékeré (bàlúùnù) wà lórí rẹ̀ tí wọ́n máa fẹ́ atẹ́gùn sí kó wú, kó lè ṣí fáàfù náà. Bó bá ti le jù, iṣẹ́ abẹ láti pààrọ̀ rẹ̀ ló kù. Fáàfù onírin máa ń pẹ́, àmọ́ ó máa lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, títí ayé, warfarin sì lè ṣe ọmọ inú oyún léṣe. Kúdí ṣì ń fẹ́ ọmọ kan sí i. Èyí tí wọ́n fi ara ẹran ṣe máa ń gbó láàrin ọdún 10 sí 15, ó sì ń yá gbó lára ọ̀dọ́. Ohun tí Kúdí kọ́kọ́ bèèrè ni bóyá ti ẹlẹ́dẹ̀ ni. Dókítà ní ti màlúù wà. Inú mi dùn pé ó bèèrè, torí láti ọjọ́ Ojúde Ọba kò tíì bèèrè ohunkóhun.

Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni abẹ́rẹ́ tún kàn, èmi ni n ó tẹ̀ lé e lọ. Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun kò gbàgbé ẹ̀yìn tó pọ̀n òun.

Èmi ni tìrẹ,
Ṣẹ̀rífá.