Má sáìn ìwé yẹn

Àkànní ọmọ mi,

Mo gbọ́ pé àbúrò mi ti ń pè ẹ́ lórí ilẹ̀ ẹ̀yìn odò yẹn, pé kó o wá sáìn lórúkọ ojúlé tiwa kí wọ́n lè tà á. Jọ̀ọ́, má fọwọ́ kan bírò. A ti ta ilẹ̀ yẹn fún Àlàájì kan ní 2008, mo wà níbẹ̀, mo jẹ nínú owó ẹ̀, pé Àlàájì ti kú tí àwọn ọmọ ẹ̀ ò sì mọ ojú ilẹ̀ ò sọ ọ́ di tiwa padà.

Ohun tí mi ò sọ fún ẹ rí rèé. Ní 1987 bàbá mi ta plọ́ọ̀tì kan fún ìyá aláṣọ kan, kò ju ọdún kan lọ ló tún tà á fún ẹlòmíì tó lówó jù ú lọ. Mo rí ìyá yẹn, ó jókòó lórí bọ́lọ́ọ̀kù tó ti kó sílẹ̀, ó yọ rìsíìtì nínú ọ̀rá, ó ń fi ìka tọ ibi tí bàbá mi tẹ̀ka sí, kò pariwo o, omi ṣáà ń dà lójú ẹ̀ ni.

Ló bá di kóòtù. Bàbá kú ní 1996, wọ́n bá gbé orúkọ tèmi sí àyè wọn, ọdún 11 ni mo fi sanwó lọ́yà lórí owó tí mi ò ná kọ́bọ̀ nínú ẹ̀, òun ni ò jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n ẹ tètè wọ Poly. Wọ́n ní ẹni da eérú leérú ń tọ̀, èmi ò da nǹkan kan, ojú tèmi ló kún.

Ti àǹtí ẹ ló dùn mí jù. A ti mú ọjọ́ ìdána, àwọn ẹbí ọkọ ṣèwádìí, wọ́n ní ṣé ilé àwọn tó ń ta ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn, bó ṣe parí nìyẹn. Àwọn kan ní èpè ìyá yẹn ni. Mi ò bá wọn jiyàn, àmọ́ gbèsè àti orúkọ tó bàjẹ́ ti tó láìsí èpè.

Wọ́n á ní olórí ẹbí ti fọwọ́ sí i. Olórí ẹbí ò lè dá ilẹ̀ ẹbí tà láìsí àwọn ojúlé, ìdí tí wọ́n fi ń wá ẹ kiri nìyẹn. Láti 2016 sì ni òfin Èkó ti lè sọ ẹni tó ta ilẹ̀ onílẹ̀ sẹ́wọ̀n.

Má bá a jà o, bàbá ẹ náà ni. Sọ pé èmi ni mo ní kó o má ṣe é. Wá sílé ní Sátidé ká jọ lọ bá ìyàwó Àlàájì, ká fún wọn ní ẹ̀dà ìwé tó wà lọ́wọ́ mi, ká mú wọn dé ojú ilẹ̀ wọn. Wọ bàtà òjò wá, ẹrọ̀fọ̀ ti pọ̀ níbẹ̀.

Èmi bàbá ẹ.