"Ará Éṣíà Mìíràn"

Sí Olóòtú,

Nọ́ọ̀sì ni mí ní London. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ọmọ ilẹ̀ Philippines, ń kọ fọ́ọ̀mù kó lè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà tuntun. Ó dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè ẹ̀yà. Íńdíà wà níbẹ̀, Pakistan wà níbẹ̀, Bangladesh náà wà níbẹ̀. Tirẹ̀ kò sí, àfi "ará Éṣíà mìíràn". Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti dé ìlú yìí ni òun ti ń jẹ́ "mìíràn".

Ti àwọn ará Ṣáínà tiẹ̀ tún le jù. Láti ìgbà ìkànìyàn ọdún 2011 ni wọ́n ti kà wọ́n mọ́ Éṣíà ní England àti Wales. Ṣùgbọ́n kóòdù ẹ̀yà ti ìkànìyàn ọdún 2001 ni ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn ṣì ń lò, inú "ẹ̀yà mìíràn" ni wọ́n sì wà níbẹ̀.

Ẹ wo ohun tí kòrónà fi hàn. Nígbà tí ìgbì kejì rẹ̀ ń jà ní England, láti ìparí ọdún 2020, àwọn ará Bangladesh ni ewu ikú rẹ̀ pọ̀ fún jù, àwọn ará Pakistan sì tẹ̀ lé wọn. Ti àwọn ará Ṣáínà kò sún mọ́ ọn rárá. Ẹni tó bá lọ ata rodo mọ́ tàtàṣé, báwo ló ṣe fẹ́ mọ èyí tó ta òun lẹ́nu? Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ National Nurses United ka àwọn nọ́ọ̀sì tí kòrónà pa títí di September 2020. Àwọn ọmọ Philippines kò ju bíi 4 nínú 100 nọ́ọ̀sì lọ níbẹ̀, síbẹ̀ wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tó kú. Àpótí "Asian" nìkan kò lè sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni. Lọ́dún 2024, ìjọba ibẹ̀ pàṣẹ kí fọ́ọ̀mù ìjọba àpapọ̀ máa ya Ṣáínà, Íńdíà, Philippines, Vietnam, Korea àti Japan sọ́tọ̀. Bó ṣe yẹ kó rí níbí náà nìyẹn.

(Àwa Yorùbá náà ń bá ará Somalia pín àpótí "Áfíríkà Dúdú", àmọ́ ìyẹn di ọjọ́ mìíràn.)

Mo mọ̀ pé ẹni tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò tíì dúró á máa bẹ̀rù ìbéèrè tó pọ̀. Kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ìdáhùn rẹ̀ ṣe fún un, kí wọ́n sì jẹ́ kó mọ ẹni tí kò ní rí i.

Ọ̀rẹ́ mi fi bírò kọ "Philippines" sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà. Ọmọbìnrin tó gba fọ́ọ̀mù ní kò sí ibi tí òun máa tẹ̀ ẹ́ sí nínú kọ̀ǹpútà.

Èmi ni,
Nọ́ọ̀sì kan, London