Tábúlẹ́ẹ̀tì nìkan ò lè kọ́ ọmọ ní ìṣirò

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tí ẹ kọ pé kí ìjọba pín tábúlẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí ìṣirò lè máa yé wọn, inú mi dùn pé ẹ rántí àwọn ọmọ wa, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò tán síbẹ̀. Èmi ni ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan lágbègbè Òjé n'Ìbàdàn, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ojú mi ló ṣe.

Tíṣà kan wà lọ́dọ̀ wa tó ń kọ́ Púráímárì 4, ọ̀dọ́mọbìnrin ni, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Ìgbà tí ilé ìwé ṣí padà lẹ́yìn kòrónà ọdún 2020 ló dé, ó sì ti fẹ́ràn fóònù àti kọ̀ǹpútà tẹ́lẹ̀, torí náà ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó dá gúrúùpù WhatsApp sílẹ̀ fún àwọn òbí, ó wá ń fi iṣẹ́ àṣetiléwá ìṣirò síbẹ̀ pẹ̀lú fídíò láti YouTube. Àwọn òbí kan ń yìn ín gan-an. Àmọ́ kí táàmù yẹn tó parí òun fúnra ẹ̀ ti rí i pé àwọn ọmọ tó ń mókè tẹ́lẹ̀ náà ló tún ń mókè sí i, àwọn tí ìyá wọn ń ta ẹ̀kọ lọ́jà tàbí tí bàbá wọn ń gun ọ̀kadà, tó jẹ́ fóònù tọ́ọ̀ṣì ló wà lọ́wọ́ wọn, wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n fún ọmọ níṣẹ́.

Ohun tó wú mi lórí ni pé kò bínú sáwọn òbí, kò sì torí ẹ̀ pa fóònù tì. Ó mú ríjísítà, ó ń sàmì sórúkọ kọ̀ọ̀kan: ọmọ tí fóònù tó ń wo fídíò wà nílé wọn, ọmọ tó jẹ́ tọ́ọ̀ṣì ni tiwọn, ọmọ tí fóònù kankan ò sí nílé ẹ̀ rárá. Nígbà tó gbé e wá hàn mí, àwọn onítọ́ọ̀ṣì ló pọ̀ jù.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n. Lálẹ́, tí àwọn òbí bá ti tọjà dé, á ní kí wọ́n fi fóònù sí sípíkà, á wá bá ọmọ ṣe ìṣirò kan tàbí méjì, "o mú 1,000 náírà lọ sọ́jà, o ra nǹkan 650, èló ni ṣéńjì ẹ?", ọmọ á dáhùn, á tún ní kó ṣàlàyé bó ṣe ṣe é, ìyá ọmọ náà á máa gbọ́ ọ, òmíràn nínú wọn á tiẹ̀ dá sí i torí ọ̀rọ̀ ṣéńjì, àwọn ìyá ọlọ́jà ló ni ín. Ó ní ohun tóun kà nípa Botswana ló ki òun láyà. Ní 2020 tí wọ́n ti ilé ìwé pa níbẹ̀, àwọn olùwádìí kan ń fi tẹ́ẹ̀sì ṣọwọ́ ìṣirò sáwọn òbí kan, àwọn òbí mìíràn wọ́n fi ìpè nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ kún un, àwọn ọmọ tí wọ́n ń pè ni ìṣirò wọn gbé pẹ́ẹ́lí sókè, tẹ́ẹ̀sì nìkan ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan. Ìwádìí yẹn jáde ní 2022. Fóònù lásán ni wọ́n lò o, irú èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn òbí tiwa náà.

Nínú kíláàsì gan-an, ibẹ̀ ni mo ti wá rí i pé ọmọbìnrin yìí ti kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Àwọn fídíò tó ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ará Amẹ́ríkà ló ń sọ̀rọ̀ nínú wọn, písà ni wọ́n ń pín, dọ́là ni wọ́n ń ná, èdè Gẹ̀ẹ́sì wọn sì ń sáré, kí ọmọ tó mọ ohun tó ń jẹ́ písà, ìdá kan nínú mẹ́rin ti kọjá lọ. Ló bá ń ya fídíò tiẹ̀. Búrẹ́dì Agége ló ń gé, ohùn tiẹ̀ ló fi ń ṣàlàyé lédè Yorùbá wa, ọwọ́ àwọn ọmọ kíláàsì náà lẹ á sì rí nínú fídíò, ó sì máa ń rí i pé àwọn tó ń jókòó sẹ́yìn tí kì í sọ̀rọ̀ wà lára àwọn tó mú ọ̀bẹ. Tó bá wá ń fi fídíò yẹn hàn wọ́n lára ògiri (projẹ́tọ̀ kékeré tí PTA dáwó rà ni, sólà ló ń gbé e torí iná NEPA ẹ mọ̀ ọ́n), á dá a dúró kó tó gé búrẹ́dì, á bi wọ́n pé èwo ló tóbi jù, ìdá kan nínú mẹ́ta àbí ìdá kan nínú mẹ́rin. Àwọn tó ń nawọ́ sókè nìkan kọ́ ló máa dáhùn o. Gbogbo wọn ló máa kọ ọ́ sórí síléètì kéékèèké, wọ́n á gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan náà, á wá fi fóònù ya fọ́tò wọn. Tó bá délé á wo fọ́tò yẹn dáadáa, á rí ẹni tó ń rò pé 4 ju 3 lọ nítorí náà ìdá mẹ́rin ló tóbi, á rí ẹni tó kàn wo síléètì ẹnìkejì kọ, lọ́jọ́ kejì á kó àwọn tí àṣìṣe wọn jọra jókòó pọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ látibi tí wọ́n wà. Mo ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mi ò rí ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí láti fi mọ ọmọ tí nǹkan ò yé tó kàn dákẹ́ síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan ó gbé fóònù sójú fèrèsé, ó gba ohùn ara ẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ń kọ́ wọn, ó wá lọ gbọ́ ọ nílé. Orúkọ àwọn ọmọkùnrin iwájú ló ń jáde ṣáá. Látìgbà yẹn, ó kọ orúkọ gbogbo wọn sórí páálí, ó ń fa ọ̀kan yọ tó bá fẹ́ béèrè nǹkan, àwọn ọmọbìnrin tí mo mọ̀ pé wọn kì í lanu ti ń lọ síwájú bọ́ọ̀dù báyìí.

Ọ̀rọ̀ èdè yìí kì í ṣe kékeré. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà kan ní Ilé-Ifẹ̀, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ àyàfi Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò wà níbẹ̀, àwọn ọmọ náà ò sì gbẹ́yìn, Gẹ̀ẹ́sì wọn pàápàá ò bà jẹ́. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà ní 2022 pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún fagi lé e ní 2025. Ó dùn mí. Tí wọ́n bá wá kó ohun èlò tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì pátápátá sínú tábúlẹ́ẹ̀tì, àwọn ọmọ tí wọ́n ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nílé ló máa jẹ ẹ́.

Mi ò sọ pé tábúlẹ́ẹ̀tì ò dára. Ọ̀ṣun pín tábúlẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Ọpọ́n Ìmọ̀ fáwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní 2013, Èkó bẹ̀rẹ̀ EKOEXCEL, ètò wọn fáwọn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba, ní 2020, àwọn tíṣà ni wọ́n kó tábúlẹ́ẹ̀tì fún níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti kọ sílẹ̀. Èmi gbà pé kó tọ̀dọ̀ tíṣà bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ tíṣà tó kàn ń ka ohun tó wà lójú tábúlẹ́ẹ̀tì bó ṣe wà ò ní ráyè dúró de ọmọ tó wà lẹ́yìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àyè sílẹ̀ fún un.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ò tó owó tábúlẹ́ẹ̀tì. Kí ìpínlẹ̀ tètè máa dá owó tiwọn kí ti UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, lè jáde, kí wọ́n yọ nínú ẹ̀ fún sólà àti fún ìdálẹ́kọ̀ọ́ tó máa wáyé nínú kíláàsì, kì í ṣe ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ètò ẹ̀kọ́ orí kọ̀ǹpútà bíi Kolibri wà tí kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì, èèyàn lè kó ẹ̀kọ́ tó jẹ́ Yorùbá sínú ẹ̀ kó máa lọ láti ilé ìwé dé ilé ìwé. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa ní kí ọmọ má ju 35 lọ lábẹ́ tíṣà kan, tiwa ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ẹ gba tíṣà sí i. Káàdì tí ọmọbìnrin yìí fi ń pe àwọn òbí lálẹ́, owó oṣù ẹ̀ ló fi ń rà á títí dòní, ìyẹn nìkan, ìjọba ìbílẹ̀ lè gbé e kúrò lọ́rùn ẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀ láì dúró de bọ́jẹ́ẹ̀tì kankan.

Èmi ni tiyín,
Ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, Òjé, Ìbàdàn